Ògèdèǹgbé Mọ Ohun Tó Ń Lé

 

Ọ̀rọ̀ olórí ni mo mú wá lónìí. Àwa tí a ń jókòó sídìí ọpọ́n mọ bí olórí ṣe ń wọlé. Agbọ̀n ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá: ẹjọ́ ilẹ̀, oyè tó dá ìjà sílẹ̀, ọ̀nà tó bàjẹ́, ọdún ìlú tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí. Wọ́n á sì fẹ́ kí Ifá dáhùn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ifá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí odù bá ti yọ, ìbò ni a ó dì, owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì. A ó bi Ifá bóyá ire ni tàbí ibi. Bó bá jẹ́ ire, ṣé ire àìkú ni, ṣé ajé ni, ṣé aya ni, ṣé ọmọ ni, ṣé ìṣẹ́gun ni? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń bi í, títí a ó fi kan èyí tí Ifá fi ṣáájú. Òun ni a ó kọ́kọ́ rúbọ sí. Olórí tí kò bá mọ èyí tó ṣáájú nínú ẹrù orí rẹ̀, eku méjì ló ń lé, òfo ni yóò sì mú délé.

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín ni Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, Sẹ̀ríkí gbogbo ogun Èkìtìparapọ̀. Ìjẹ̀ṣà ni, àmọ́ kò sí ìlú kan ní Èkìtì tí kò jẹ nínú làálàá rẹ̀.

Àtọ́rìn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti bí i, Òrìṣàráyíbí sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ rí i pé ilé òrìṣà ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn ará Ìbàdàn mú un lẹ́rú lójú ogun. Ìbàdàn yìí náà ló ti kọ́ ogun jíjà, tó wo bí wọ́n ṣe ń tẹ ibùdó àti bí wọ́n ṣe ń dó ti ìlú. Ohun tó kọ́ lọ́wọ́ wọn ló padà fi bá wọn jà. Ó wà lára àwọn tó gbèjà Iléṣà nígbà tí Ìbàdàn dó tì í, ṣùgbọ́n ìlú náà fọ́ lọ́dún 1870, Ògèdèǹgbé sì sá àsálà. Ó tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ó kó àwọn ọmọ ogun jọ.

N kò ní bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ yin òkú. Ní àkókò tó wà ní Ìta-Ògbólú, ogun tó bá ti lérè ló ń jà. Ó ń kó ìlú, ó ń kó ẹrú, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn ará ìlú kéékèèké. Akọni ni nígbà náà, àmọ́ kò tíì rí ohun kan ṣoṣo tí yóò gbájú mọ́.

Ohun náà ti ń hó nílẹ̀ Èkìtì ṣá. Ìbàdàn ti fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú wa káàkiri. Ajẹ́lẹ̀ á gba ìṣákọ́lẹ̀, á gba ewúrẹ́ àti adìẹ, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ á sì máa fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Lọ́dún 1878, Fábùnmi, ọmọ ọba Òkèmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà dáadáa, ẹ ó mọ ilé tó ti jáde. Bí iná ọyẹ́ ni ọ̀tẹ̀ náà ṣe ràn láti ìlú dé ìlú, ni wọ́n bá parapọ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kì í ṣẹ́gun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn fọ́ wọn túútúú lẹ́bàá Ìkìrun, ọ̀pọ̀ sì kú sínú odò Ọ̀tìn bí wọ́n ti ń sá lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé. Kò tètè dé, àmọ́ nígbà tó dé, Fábùnmi tó dá ogun sílẹ̀ bọ́ sẹ́yìn fún un, ó ń jà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún Fábùnmi lórí èyí. Ó mọ̀ pé kí ajẹ́lẹ̀ kúrò nílẹ̀ ló ṣáájú, kì í ṣe orúkọ ẹni tó lé e.

Ibùdó tí Ògèdèǹgbé bá kì í ṣe ibùdó ọba kan. Adé pọ̀ níbẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní aáwọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀. Ẹlòmíràn ń wo ààlà oko, ẹlòmíràn ń wo ẹrú àti ìkógun. Ohun kan ló so wọ́n pọ̀, ìyẹn ni pé ajẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà mọ́. Òun ni Ògèdèǹgbé dì mú. Wọ́n tẹ ibùdó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn dó sí ìhà Ìgbájọ, òkè sì wà láàárín wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Dídún ìbọn wọ̀nyẹn ló sọ ogun náà ní Kíríjì.

Ẹ wá wo òdìkejì. Ààrẹ Látòósà, Kakaǹfò Ìbàdàn, kì í ṣe ojo, kò sì ṣaláìní ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1877 ló ti bá Ẹ̀gbá ṣọ̀tá, Ìjẹ̀bú sì di ọ̀nà mọ́ ọn. Ìlọrin wà lókè, Èkìtìparapọ̀ wà níwájú, nígbà tó yá Ifẹ̀ náà tún dìde. Ogun márùn-ún ló wá wà lọ́rùn ẹni kan. Látòósà jáde lọ sí Kíríjì, kò fojú kan ilé mọ́. Inú ibùdó ló kú sí lọ́dún 1885.

Ibi tí mo ti mọ Ògèdèǹgbé lágbà gan-an ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Àwọn Èkìtìparapọ̀ ti tẹnu mọ́ ọn pé kí Ìbàdàn fi ìlú mẹ́rin sílẹ̀ fún wọn: Ọ̀tan, Ìrẹsì, Àdá àti Ìgbájọ. Ìbàdàn kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn nítorí àwọn ìlú yìí, kò sì rọrùn láti fi wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn, ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Ohun tí Èkìtìparapọ̀ gbà padà ni òmìnira, pé kò sí ẹni tí yóò jọba lé ẹnì kejì lórí mọ́. Wọ́n fi ohun tó dùn wọ́n sílẹ̀, wọ́n mú ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kúrò nílé. Ẹni tó ń jà fún ohun gbogbo kò lè ṣe èyí.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn àdéhùn, àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán. Ọdún bíi méje ni wọ́n tún fi jókòó, títí Gómìnà Carter fi wá láti Èkó lọ́dún 1893 láti tú wọn ká. Ajẹ́lẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti dàgbà sídìí ìbọn kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, wọ́n sì ń da àwọn ará ìlú láàmú. Ní 1894, Bower tó jẹ́ aṣojú ìjọba ní Ìbàdàn mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀kọ́ kejì rèé fún olórí. Bí iṣẹ́ tó ṣáájú bá ti parí, kó tètè tún ìbò dì, kó bèèrè èyí tó kàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ tó dilẹ̀ á ba iṣẹ́ tó ti ṣe jẹ́.

Wọ́n padà dá a sílẹ̀, ó wá sílé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ń sọ ọ́ títí dòní pé wọ́n fi adé Ọwá lọ̀ ọ́, ó sì kọ̀ ọ́. Oyè Ọbańlá ló jẹ lọ́dún 1898, ó sì di olóògbé lọ́dún 1910. Ère rẹ̀ wà ní Iléṣà.

Ẹ̀yin olórí ìlú, olórí ẹgbẹ́, olórí ìdílé ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo ìletò tó yí wa ká, Ifá kò sọ pé kí ẹ má gbọ́ ẹjọ́ mìíràn. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni àwọn èèyàn mi torí rẹ̀ fi mí ṣe olórí? Kí ni mo lè fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ dùn mí, kí ìyẹn lè tẹ̀ mí lọ́wọ́? Bó bá sì tẹ̀ mí lọ́wọ́ tán, iṣẹ́ wo ni n ó gbé lé àwọn ọmọ tó bá mi jà lọ́wọ́? Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó bá jókòó síwájú babaláwo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sọ sétí owó.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ ká ṣìnà. Àbọrú, àbọyè.