Tíṣà Tí Ó Di Akẹ́kọ̀ọ́: Ìgbésí-ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìwé, ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá títì ní Adìgbẹ yóò rí àwọn ọmọbìnrin nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, wọ́n ń yára kí agogo má baà lù kí wọ́n tó dé. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní obìnrin fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ pé obìnrin ni ó jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá, tàbí pé obìnrin ni ìjọba rán wá gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ẹ̀kọ́ láti yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wò. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ni ó la ọ̀nà náà. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin Ẹ̀gbá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi; Ìjọ Áńgílíkà ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Síbẹ̀, ọmọ ìlú wa ni, ẹ̀kọ́ sì wà nínú ìgbésí-ayé rẹ̀ fún gbogbo wa.

A bí i ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, ọdún 1900. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas. Ìdílé baba rẹ̀ wà lára àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n sì ti Sàró padà wá sí ilé. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí ni ó gbà pé ìwé kò wúlò fún ọmọbìnrin, níwọ̀n ìgbà tí yóò relé ọkọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Àwọn òbí Fúnmiláyọ̀ kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í sí ilé-ìwé bí ẹni fi ọmọkùnrin síbẹ̀.

Ní ọdún 1908 ni a dá Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta sílẹ̀, ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Nígbà tí ó di ọdún 1914, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin. Mẹ́fà péré ni ó kọ́kọ́ wọlé, Fúnmiláyọ̀ sì wà nínú wọn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọ̀dọ́: ọmọbìnrin mẹ́fà láàárín ogunlọ́gọ̀ ọmọkùnrin! Bí àwọn mẹ́fà yìí bá kùnà, àwọn tí kò fẹ́ kí obìnrin kàwé ìbá ti rí ohun wí.

Wọn kò kùnà. Ní ọdún 1919 Fúnmiláyọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Wincham Hall College, ní Cheshire. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti rí bí àwọn kan ṣe ń fojú tín-ín-rín aláwọ̀ dúdú. Ó pa orúkọ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì tì, ó sì ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó wọ iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde, láìpẹ́ wọ́n sì fi í ṣe olórí apá àwọn ọmọbìnrin. Kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá tí ó wọ ibẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tí ó fi di ọ̀gá.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkùnrin yìí ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Ìgbéyàwó kò mú kí ìyàwó rẹ̀ fi iṣẹ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1928 ó dá kíláàsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tí ì tó ilé-ìwé lọ, ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1932 ọkọ rẹ̀ di ọ̀gá Gírámà Abẹ́òkúta, tọkọtaya sì padà wá sílé. Wọn kì í gba ìgbàkugbà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe fún ọmọ tí wọ́n bí tàbí ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ọdún kan náà ni Fúnmiláyọ̀ kó àwọn obìnrin tí ó kàwé jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́òkúta Ladies' Club. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, oúnjẹ sísè àti ìwà ọmọlúwàbí. Ohun dáradára ni, ṣùgbọ́n àárín ara wọn nìkan ni ó mọ. Àwọn ìyá olọ́jà kò sí níbẹ̀.

Níhìn-ín ni ìgbésí-ayé rẹ̀ ti yí padà. Ní nǹkan bí ọdún 1944, wọ́n mú ìyá olọ́jà kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe owó ni obìnrin náà wá tọrọ. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé kíkà. Fúnmiláyọ̀ ìbá ti sọ pé ẹrù ọmọ ilé-ìwé ti tó òun rù. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì fún àwọn àgbàlagbà obìnrin, àwọn ọmọ ilé-ìwé pàápàá sì ń ràn án lọ́wọ́. Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọdé ní Aké nígbà náà, wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ kékeré tọ́ka álífábẹ́ẹ̀tì han àwọn ìyá.

Ṣùgbọ́n bí tíṣà ti ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń kọ́ tíṣà. Wọ́n sọ fún un bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì wọn nígbà ogun láìsan iye tí ó tọ́. Wọ́n sọ nípa owó-orí: láti ọdún 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin ti gbọdọ̀ san án ní ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin kì í san án títí yóò fi di ọmọ ọdún 16. Àwọn agbowó-orí a sì máa dójú ti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Síbẹ̀ kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ná owó náà. Obìnrin tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kàwé dé kò mọ̀ pé báyìí ni nǹkan rí fún aládùúgbò òun.

Ní ọdún 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ilẹ̀kùn sì ṣí fún gbogbo obìnrin. A gbà pé wọ́n tó 20,000. Fúnmiláyọ̀ pa gáùn tì, ó ń ró ìró, ó sì ń wé gèlè bí àwọn yòókù, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun kéré. Yorùbá ni ó ń sọ ní ìpàdé. Wọ́n gba ẹni tí ó mọ ìṣirò láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láyè láti wọ́de, wọ́n ní àríyá lásán ni àwọn ń lọ ṣe. Ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bo ojú àti imú nígbà tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Tíṣà ṣì ni, kíláàsì rẹ̀ ni ó fẹ̀ sí i.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 lọ jókòó síwájú ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n sì tún padà lọ nínú oṣù Kejìlá. Ní ọdún 1948 wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949 Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀, kí ó tó tún padà ní ọdún 1950. A fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ tuntun, Fúnmiláyọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1955. Ìyàwó rẹ̀ kò dẹ́kun iṣẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún 1968. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978. Abẹ́òkúta ni wọ́n sin ín sí. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn olọ́jà ti ìsọ̀ wọn pa.

Ẹ kíyèsí èyí, ẹ̀yin ará: kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ọ̀gá ni àwọn olọ́jà ṣe ti ìsọ̀. Ọ̀gá pọ̀ tí ó kú tí ọjà kò mọ̀. Nítorí pé ọ̀gá náà gbà láti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé, ni. Ẹni tí a fi ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, ìbáà ṣe obìnrin tàbí ọkùnrin, ní láti bi ara rẹ̀ léèrè ta ni ó dúró sí ẹnu-ọ̀nà tí kò tí ì rí àyè wọlé.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Ọmọbìnrin mélòó ni ó kọ́kọ́ wọ Gírámà Abẹ́òkúta, ní ọdún wo sì ni?
2. Kí ni Fúnmiláyọ̀ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ìyá olọ́jà tí ilé-ẹ̀kọ́ kò kọ́ ọ?
3. Ta ni ní àdúgbò wa tí ó ń fẹ́ mọ̀wé kà, tí a kò tí ì pè wọlé?