John Goodricke, Ẹni tí ó Ṣọ́ Ìràwọ̀ Algol

A bí John Goodricke ní ìlú Groningen, ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ní ọdún 1764. Àìsàn ìgbà èwe ni ó sọ ọ́ di adití. Síbẹ̀ a kọ́ ọ ní ìwé ní Edinburgh àti Warrington, ó sì mọ ìṣirò dunjú.

Ní òru ọjọ́ 12 oṣù November, ọdún 1782, ní ìlú York, ó rí i pé Algol, ìràwọ̀ kan nínú ọ̀wọ́ Perseus, ti di bàìbàì. (Ìràwọ̀ yìí kan náà ni à ń rí ní ìhà àríwá ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní oṣù December, bí ọyẹ́ bá gbà.) Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni ó ń tan òun jẹ. Ṣùgbọ́n kò dẹ́kun ìṣọ́, títí ó fi mọ̀ pé ní ọjọ́ 2 àti nǹkan bí wákàtí 21 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dínkù, tí ó sì ń padà sípò. Ó wòye pé bóyá ohun òkùnkùn kan ni ó ń yí i ká, tí ó ń bò ó lójú. Èyí jẹ́ ìrònú àgbà láti ọ̀dọ̀ ọmọdé! Ní ọdún 1783 Royal Society fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley.

Ní ọdún 1784 ó tún rí ìyípadà Delta Cephei, nínú ọ̀wọ́ Cepheus.

Ní ọjọ́ 16 oṣù April, ọdún 1786, ẹgbẹ́ náà yàn án mọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ 20 ó kú, ní ọmọ ọdún 21. Ọdún 1889 ni Vogel, ará Jámánì, tó fi ẹ̀rí hàn pé ohun kan ń bá Algol yípo nítòótọ́.