Samuel Àjàyí Crowther: ìyà tí ìgbàgbọ́ kò jẹ́ kó ṣòfò

Gbogbo wa la gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther níléèwé. Wọ́n ní òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà, wọ́n ní òun ló ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, tíṣà fún wa ní máàkì, ó parí. Ohun tí wọn ò ráyè sọ fún wa ni iye ìgbà tí ayé dorí kodò mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́, àti ohun tó ń ṣe nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Oríṣi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló ń wọlé sórí fóònù mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹnì kan ní ó ti di ọdún mẹ́rin tóun ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, òun ò tíì ríṣẹ́. Òmíràn ní òun gbààwẹ̀, òun san ìdámẹ́wàá, ìyá òun ṣì kú. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ṣé Ọlọ́run ń rí wa báyìí? Akọ̀ròyìn ni mí, mi ò kì í ṣe pásítọ̀, nítorí náà mi ò ní máa wàásù fún yín. Àmọ́ mo mọ ẹnì kan tí ìbéèrè yẹn bá dàgbà, tó sì bá a darúgbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀.

Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1809. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé là ń sọ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná nígbà tí ariwo sọ pé ogun ti dé. Àwọn Fúlàní àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tó dara pọ̀ mọ́ wọn ti yí ìlú ká. Bàbá Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí wọ́n tètè sá, ó sì padà síbi ìjà. Ọmọ rẹ̀ ò tún fojú kàn án mọ́ láéláé.

Ìyá kó àwọn ọmọ, wọ́n forí lé igbó, ọwọ́ sì tẹ̀ wọ́n. Okùn ni wọ́n fi sí wọn lọ́rùn, tí wọ́n so wọ́n mọ́ra bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń dà lọ sọ́jà. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan wà lẹ́yìn ìyá náà. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹrù.

Wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin. Nígbà tó yá, pàṣípààrọ̀ náà ò bára mu mọ́, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n dá ọmọ náà padà. Ìyẹn ló jẹ́ kó tún rí ìyá rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún yà wọ́n. Láti ibẹ̀, ọwọ́ kan ń tà á fún ọwọ́ kejì. Ìgbà kan wà tó jẹ́ tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á. Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀: ọmọ bíi ti JSS1, tábà àti ọtí.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni kí wọ́n má tà á fún àwọn òyìnbó Potogí létí òkun. Ó pinnu pé òun ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn láàyè. Léraléra ló gbìyànjú lóru láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àyà rẹ̀ kò gbà á. Ó tún rò ó pé tí àwọn bá ń sọdá odò, òun á bẹ́ sómi. Ìyẹn náà ò ṣeé ṣe. Ọ̀dọ̀ Crowther fúnra rẹ̀ ni ìròyìn yìí ti wá. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837, nígbà tó ti di tíṣà, tó ti níyàwó, tí àwọn èèyàn ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Kò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé onígbàgbọ́ gidi kì í dé irú ibi òkùnkùn bẹ́ẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Èkó ni wọ́n gbé e dé níkẹyìn. Ẹ̀wọ̀n irin kan ni wọ́n fi de àgbà àti ọmọdé pọ̀. Bí àgbà kan bá yí ara, ọrùn àwọn ọmọdé ló ń fara gbá a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ Potogí kan, ẹrú 187 nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú náà.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ẹ̀rù ìtúsílẹ̀ yẹn ba àwọn ọmọ náà ju ẹrú lọ. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ nínú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rò pé ẹran ara èèyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá rogodo-rogodo nílẹ̀, wọ́n rò pé orí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Ìgbàlà ti dé, wọ́n ṣì ń gbọ̀n. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n gbé e lọ, ìlú tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti mọ̀wé kà. Wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì di Samuel Crowther. Lójú tirẹ̀, òmìnira kejì nìyẹn. Ó ní lẹ́yìn tóun bọ́ lọ́wọ́ èèyàn tó rà òun, òun tún wá rí i pé ẹrú mìíràn wà tó burú jù ú lọ, ẹrú ẹ̀ṣẹ̀.

Nínú lẹ́tà 1837 yẹn kan náà ló ti sọ ohun kan tó máa ń dá mi dúró nígbàkígbà tí mo bá kà á. Ó pe ọjọ́ tí wọ́n kó wọn lẹ́rú ní ọjọ́ burúkú, ó sì tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Orúkọ méjèèjì fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o. Kò sọ pé oko ẹrú dára. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó lọ wo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe. Ní 1851, nígbà tó wà ní London, ó fojú kojú pẹ̀lú Palmerston, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti pẹ̀lú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wọn ohun tí òwò ẹrú ń fojú wa rí. Ibi ni ibi ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ̀ láti gbà ni pé ibi yẹn ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Báwo ló ṣe wá lo ìyà rẹ̀? Ẹ wò ó báyìí. Wọ́n já a kúrò nílé lọ́mọdé, èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló bá a dé Sàró. Èdè yẹn náà ló wá fi ṣiṣẹ́. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London ní 1843, ọdún kan náà tí ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, fún àwọn tí wọ́n jọ gba oko ẹrú kọjá. Ẹ fojú inú wo àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún ìgbà àkọ́kọ́ ní èdè tí wọ́n fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún lọ́mọdé.

Lẹ́yìn náà ló forí lé ilé. Ó dé Badagry ní 1845, ó sì há síbẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀, nítorí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, ló tó wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà lójú ìyá. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ohùn rẹ̀ já, orúkọ àpèjẹ́ tí ìyá àgbà fi ń pe Àjàyí nígbà kékeré ló fi ń pè é. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ti kú sóko ẹrú. Ní oṣù Kejì, ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì, ẹ mọ̀ pé Hannah ni ìyá Samuel.

Ká ní fíìmù ni, ibí ni a ó ti kọ "ó parí". Àmọ́ ayé kì í parí síbi tó dùn.

Ní 1862 iná jó ilé Crowther, ó sì jó àwọn ìwé tó ti fọwọ́ kọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín ti kú rí pẹ̀lú iṣẹ́ oṣù mẹ́ta nínú, ẹ mọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tún jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é bá a débi pé Bíbélì Yorùbá pé odindi ní 1884.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 1864, wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Oyè ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ò fẹ́ wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú, nítorí náà kò di bíṣọ́ọ̀bù wọn. Odò Ọya ni wọ́n rán an lọ. Kò jiyàn. Ó gba ibẹ̀, ó sì ṣe é fún nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1867, ìjòyè kan níbẹ̀ dè é mọ́lẹ̀, òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀, ó ní àfi kí wọ́n san owó. Òyìnbó aṣojú ìjọba tó wá gbà wọ́n sílẹ̀ bá ọ̀ràn náà lọ, ọfà olóró ló pa á. Ní 1880 ìyàwó rẹ̀, Susan, tí òun náà ti la oko ẹrú kọjá, jáde láyé. Ní 1883 Màmá Hannah tẹ̀lé e.

Èyí tó dùn ún jù ló kù sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí CMS rán wá, ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà gan-an, jókòó ìpàdé lé iṣẹ́ rẹ̀ lórí. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ṣàṣìṣe nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n wà. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe kọjá àtúnṣe. Lójú bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n lé àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ pàápàá, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan nínú ìgbìmọ̀ tó yẹ kó ṣolórí. Ó dìde, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Mo ti rí àgbà tí ìwọ̀sí kékeré sọ di aláìnígbàgbọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Crowther ní ìdí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò kúrò nínú ìjọ, kò sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó gbé lé ẹ̀mí ní àkókò tó kù fún un ni bí ìjọ àwọn ará Delta ṣe máa dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891, ló kú l'Ékòó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọ Delta dìde dúró fúnra rẹ̀, Dandeson ló ṣíwájú rẹ̀. Ní 2014, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ ṣe fún Crowther. Ó lé ní ọdún 122 lẹ́yìn tó ti kú!

Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìtàn yìí wá fún yín. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ tó sọ pé tí ẹ bá nígbàgbọ́, ìyà ò ní dé ọ̀dọ̀ yín, tó bá sì dé, kí oṣù tó parí, ẹ̀rí á ti jáde. Nígbà tí ẹ̀rí ò bá jáde, ẹ ó wá rò pé ẹ̀yin lẹ ní àléébù. Ìgbàgbọ́ Crowther kò rí bẹ́ẹ̀. Kò gbà á lọ́wọ́ ìyà kankan tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ohun tó ṣe fún un ni pé kò jẹ́ kí ìyà kan lọ lásán. Ẹni tí wọ́n fi tábà rà mọ bí èèyàn ṣe níyì tó. Ẹni tí wọ́n já kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló fún odindi ìran ní Bíbélì lédè ìyá wọn. Ẹni tí wọ́n tẹ́ lójú nígbà ogbó ló fi ìjọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nínú ohun tó retí, ó rí òmíràn gbà láyé yìí, bí ìyá rẹ̀. Ó kú kí òmíràn tó dé. Kò sì fi èyí tí kò dé ba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́. Tí ìrètí tiyín bá ń pẹ́, ẹ rántí ọmọ Òṣoògùn yìí. Ẹ wo ohun tí ìyà ò tíì gbà lọ́wọ́ yín, bó kéré bí èdè ìyá yín, kí ẹ sì fi ṣiṣẹ́.

Tí òkùnkùn náà bá sì pọ̀ débi pé ẹ̀mí yín ń sú yín, ẹ má dá nìkan gbé e. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.