Abdullāhi Ọmọ Ummu Maktūm: Afọ́jú Tí Ó Ṣe Hijira

 

Ní Mushin àti Surulere yìí, bí ọmọ tí ara rẹ̀ pé bá fẹ́ lọ sí òkè òkun, àwọn òbí a máa ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ afọ́jú ni ó rí ilé-ìwé síbẹ̀, wọn a bi í léèrè ẹni tí yóò máa fà á lọ́wọ́. Ìbéèrè yìí ni ó mú wa rántí Abdullāhi.

Ọmọ Kùráíṣì ní Mẹ́kà ni, ìbátan Khadīja aya Ànábì. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni a fi ń pè é. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba Islām, òun sì ni afọ́jú tí Ọlọ́hun sọ Sūratu ‘Abasa kalẹ̀ nítorí rẹ̀.

Kí Ànábì fúnra rẹ̀ tó ṣe Hijira ní ọdún 622, Abdullāhi àti Mus‘ab ọmọ ‘Umair ti ṣáájú dé Mọ̀dínà. Ìrìn náà ju 400 kìlómítà lọ, nínú yanrìn àti òkúta. Àwọn Aus àti Khazraj tí ó bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Síbẹ̀ kò jókòó de ọrẹ: Al-Kùránì ni ó ń kọ́ wọn. Olùkọ́ ni ìlú àjèjì náà kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí.

Kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn o. Ilé rẹ̀ jìnnà sí mọ́sálásí, ẹni tí ń fà á lọ́wọ́ kò sì bá a mu. Ó tọrọ àyè láti máa kírun nílé. Ànábì kọ́kọ́ yọ̀ǹda, lẹ́yìn náà ó bi í bóyá ó ń gbọ́ ìpè ìrun. Ó ní òun ń gbọ́, Ànábì sì ní kí ó máa jẹ́ ẹ. Ní òye tiwa, Ànábì kò fẹ́ kí àyè rẹ̀ nínú sàfù ṣófo. Gọ́tà ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí tiwa kò sì tíì ní ìdérí títí di òní!

Ànábì fi í ṣe ládàánì pẹ̀lú Bilāl. Nínú Ramadan, bí Bilāl bá pe ìrun lóru, àwọn ènìyàn ṣì ń jẹ sààrì. Abdullāhi kì í pè títí wọn yóò fi sọ fún un pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ti dé, ohùn rẹ̀ ni gbogbo Mọ̀dínà sì fi ń gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo. Bí Ànábì bá ń rìnrìn-àjò, a máa fi ìlú sí ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn onítàn kan kà á tó ìgbà 13.

Ọlọ́hun yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀ranyàn ogun nínú Sūratu n-Nisā’. Síbẹ̀, ní Kādisiyya ní ilẹ̀ Ìráàkì, ní nǹkan bí ọdún 636, wọ́n rí i nínú ẹ̀wù irin pẹ̀lú àsíá dúdú lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní ibẹ̀ ni ó kú sí. Àwọn mìíràn ní ó padà sí Mọ̀dínà kí ó tó jẹ́ ìpè Ọlọ́hun. Kò sí èyí tí ó ní Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí nínú wọn.