Nana Olomu: Olórí Oníṣòwò Odò Bìní

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Warri ni ó mọ ọjà Ogbe-Ijoh, níbi tí àwọn ará odò ti ń gúnlẹ̀ láti wá tà àti láti wá rà. Láti ayé àwọn baba ńlá ni omi agbègbè yìí ti jẹ́ ọ̀nà òwò. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí oníṣòwò tí orúkọ rẹ̀ rinlẹ̀ lórí omi náà tó Nana Olomu, ọmọ Ìṣẹ̀kírì, ẹ̀yà tí èdè wọn bá ti Yorùbá tan.

Ní nǹkan bí ọdún 1852 ni a bí Nana. Láti ìgbà tí Olú Akengbuwa ti wàjà ní 1848 títí di 1936, àwọn Ìṣẹ̀kírì kò ní ọba. Àwọn olórí ilé òwò ńláńlá ni ó ń darí ìlú, ọ̀kan nínú wọn a sì máa jẹ oyè Gómìnà Odò Bìní. Olomu, baba Nana, jẹ oyè yìí. Nígbà tí ó kú ní 1883, Nana jogún ilé òwò rẹ̀. Ní 1884, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òun náà jẹ Gómìnà.

Ebrohimi, ìlú tí ó wà láàárín ẹrẹ̀ àti igbó etídò, ni ibùjókòó òwò rẹ̀. Àwọn òyìnbó a kó aṣọ, iyọ̀, ìbọn àti ọtí fún un láwìn. Nana a pín wọn fún àwọn aṣojú rẹ̀, àwọn náà a wakọ̀ lọ sí ilẹ̀ Urhobo, wọn a sì fi ọjà náà ra epo pupa bọ̀ ní etí òkun. Òtítọ́ kò ṣe é fi pamọ́: ẹrú pọ̀ nínú àwọn tí ń wa ọkọ̀ wọ̀nyí.

Nígbà tí Nana tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1884, ó kọ̀ láti gba abala tí ó fún àwọn òyìnbó láyè láti ṣòwò níbi tí ó bá wù wọ́n. Ní 1886, nígbà tí wọ́n fẹ́ dín iye owó epo kù, ó dá òwò dúró.

Èyí kò dùn mọ́ àwọn òyìnbó nínú, nítorí pé àwọn fúnra wọn ń fẹ́ dé ibi tí epo ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òyìnbó nìkan ni inú ń bí. Nana di ọjà náà mú ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé mìíràn nínú Ìṣẹ̀kírì kò fi rí àyè mí. Dogho, tí ìdílé rẹ̀ ti ń bá ti Nana jà tipẹ́, wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1894, Ralph Moor tí í ṣe aṣojú ìjọba gbé ogun tì í. Ebrohimi lé ìkọlù àkọ́kọ́ padà ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Àgbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100. Nana sá lọ sí Èkó, ó sì fi ara rẹ̀ lé Gómìnà Carter lọ́wọ́. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ ní Kàlàbá, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Àkrà, ní ilẹ̀ tí ó di Ghana, ni wọ́n gbé e lọ ní 1896.

Ọdún 1906 ni wọ́n tó gbà kí ó padà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, Ebrohimi sì ti di ahoro. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ tún péjọ yí i ká, wọ́n sì tẹ Koko dó, níbi tí ó ti kọ́ ilé ńlá kan. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 3 oṣù keje, 1916. Ilé náà ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ọgbọ́n tí Nana fi kó òwò jọ ni ó sọ ọ́ di ńlá. Ti pé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ nínú rẹ̀ ni ọ̀tá fi rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀, ìbọn àti oyè ti lọ tán, àwọn ènìyàn tí ó tún tẹ̀ lé e dé Koko ni ẹ̀rí irú olórí tí ó jẹ́. Ẹni tó ní owó nìkan kì í rí irú wọn.