Philip Payton, ajẹ́ǹtì tó ṣílẹ̀kùn Harlem fún aláwọ̀dúdú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó wà ní New York, bí ẹ bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì ajẹ́ǹtì ilé lónìí, ẹ ó kọ́ ẹ̀kọ́ wákàtí 77, ẹ ó yege nínú ìdánwò ìjọba, ẹ ó sì wá ọ̀gá tó ti ní láísẹ́ǹsì burókà tí ẹ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Philip Payton, tí wọ́n ń pè ní Baba Harlem, kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ọdún 1922 ni òfin láísẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti pé ọdún márùn-ún tó ti kú nígbà náà.

Westfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni wọ́n bí i sí ní 1876. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé New York ní 1899, iṣẹ́ tó bá rí ló ń ṣe. Ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ilé ló ti ń gbálẹ̀ tó fi rí i bí owó ṣe ń wọlé fún wọn. Ní 1900, òun àti ẹnì kan ṣí ọ́fíìsì tiwọn. Ọjà kò tà. Kò pẹ́ tí ẹnì kejì fi bá tirẹ̀ lọ. Maggie, ìyàwó rẹ̀, ń ránṣọ kí wọ́n lè jẹun, síbẹ̀ wọ́n lé wọn jáde nílé nítorí owó ilé. Ajẹ́ǹtì tí kò rílé gbé!

Ìjà ẹlòmíràn ló gbé e dìde. Onílé aláwọ̀ funfun méjì ń bá ara wọn fà á ní òpópónà 134. Ọ̀kan fẹ́ fojú èkejì rí màbo, ló bá kó ilé rẹ̀ lé Payton lọ́wọ́ pé kó fi aláwọ̀dúdú kún un. Payton kún un lóòótọ́. Owó ilé ń wọlé déédéé, àwọn onílé mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àkókò náà gbè é: àwọn tó ń kọ́lé tà ti kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí Harlem nítorí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó ń bọ̀, ilé wá pọ̀ ju ayálégbé lọ.

Ní 1904, ó dá Afro-American Realty Company sílẹ̀. Dọ́là 10 ni ìpín kan, dọ́là 500,000 ni wọ́n sì fẹ́ kó jọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwọn funfun kan ra ilé ní òpópónà 135 láti lé aláwọ̀dúdú jáde, Payton ra ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lé àwọn funfun inú wọn, ó sì kó àwọn tí wọ́n lé síbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ta ilé tí wọ́n rà fún un.

A kò ní pè é ní ẹni mímọ́ o. Owó ilé tó ń gbà lọ́wọ́ aláwọ̀dúdú ga ju èyí tí funfun ń san lọ. Àwọn tó ra ìpín tún pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 1906, pé ìwé ìpolówó rẹ̀ kò sọ òótọ́, pé gbèsè wà lórí ilé tó ní òun ní. Wọ́n mú Payton ní 1907, kóòtù dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi, ó sì wó ní 1908. Owó aláwọ̀dúdú bíi tirẹ̀ ló bá a lọ.

Òun fúnra rẹ̀ kò fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀. Ní 1917, ó gba ilé ńláńlá mẹ́fà, wọ́n sì fi orúkọ àwọn akọni aláwọ̀dúdú bíi Toussaint sọ wọ́n. Oṣù kẹjọ ọdún náà ló kú, lẹ́ni ọdún 41. John Nail, tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí, ti dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀, òun ló sì wà nídìí ilé olówó dọ́là 640,000 tí ìjọ St. Philip's rà ní òpópónà 135 ní 1911.

Wákàtí 75 ni ẹ̀kọ́ láísẹ́ǹsì New York tẹ́lẹ̀. Wákàtí méjì tí wọ́n fi kún un ní 2022 dá lórí ẹ̀tanú tó lè wà lọ́kàn ajẹ́ǹtì láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.