Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson àti Àsọyé Inú Ilé-Ẹ̀kọ́ Breadfruit

Nígbà tí ìjọ kan bá ṣí gbọ̀ngàn rẹ̀ sílẹ̀ fún àsọyé ọ̀fẹ́, tí ó sì ké sí gbogbo ará ìlú láti wá gbọ́, àwọn kan nínú ìjọ a máa kọminú. Ẹ̀rù wọn ni pé ọ̀rọ̀ tí yóò dá ìyapa sílẹ̀ lè ti ibẹ̀ jáde. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe aláìnídìí. Àwa ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti gbogbo onígbàgbọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní baba kan tí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ dé bá. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ẹni tí àwọn ènìyàn ìgbà ayé rẹ̀ ń pè ní Johnson Mímọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1836 ni a bí i ní ilẹ̀ Sàró, láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí Yorùbá. Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, Ìjẹ̀bú sì ni ìyá rẹ̀. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti C.M.S. ní Freetown àti ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, lẹ́yìn èyí ni ó ṣe olùkọ́. Ní ọdún 1863 ni a fi í joyè díákónì. Nígbà tí ó wà ní Freetown ni ó di ọ̀rẹ́ Ọ̀mọ̀wé Edward Wilmot Blyden, ọmọ erékùṣù St. Thomas, tí àwọn méjèèjì sì jọ ń bèèrè fún yunifásítì kan fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ní ọdún 1874, C.M.S. rán an wá sí Ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́, Breadfruit, ní Èkó. Ní 1876, wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwọn ìjọ inú ilẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta sì ni ibùjókòó rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ó pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tú ẹrú wọn sílẹ̀, ó sì fi dandan lé owó tí ọmọ ìjọ gbọ́dọ̀ máa san. Òtítọ́ wà nínú ohun tí ó ń bèèrè nípa ẹrú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le, ọ̀pọ̀ sì kọ̀yìn sí i. Ní 1880 ni wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí Breadfruit. Láti 1886 sí 1894, ó jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó.

Ní ọdún 1890, inú àwọn onígbàgbọ́ Èkó bàjẹ́ gidigidi. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó ti tàbùkù Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní Oníṣà. Àkókò yìí ni Blyden wá sí Èkó. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1891, ó sọ àsọyé fún gbogbo ènìyàn nínú ilé-ẹ̀kọ́ Breadfruit, nínú ìjọ tí Johnson ń ṣàkóso. Ó sọ̀rọ̀ lórí ìpadàbọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní ìgbèkùn, ó sì rọ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ láti dá Ìjọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí kì yóò sí lábẹ́ òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ náà wọni lára. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn kan dá Ìjọ U.N.A. sílẹ̀ ní Èkó. Ojú gbogbo ayé wà lára Johnson, nítorí òun gan-an ni ó ti ń wàásù láti ọjọ́ pípẹ́ pé Áfíríkà yẹ kí ó ní ìjọ tirẹ̀, tí ó sì ń fẹ́ kí a máa fi orúkọ ìbílẹ̀ sàmì fún àwọn ọmọ. Síbẹ̀, kò bá wọn lọ. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé inú Ìjọ Áńgílíkà ni ó yẹ kí àtúnṣe náà ti wá.

Ogun Ìmàgbọ́n jà ní oṣù karùn-ún, ọdún 1892. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó ti sé ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn míṣọ́nárì tẹ́lẹ̀, ṣí sílẹ̀. Ìjọ Breadfruit, lábẹ́ Johnson, wà lára àwọn tí ó mú ìyìn rere wọlé. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn ìjọ pọ̀ sí i ní ilẹ̀ wa, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì tẹ̀lé wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú ti mú iṣẹ́ náà padà wá sílé.

Ní ọdún 1900, a yà á sí mímọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí igbákejì bíṣọ́ọ̀bù, a sì fi àwọn ìjọ agbègbè Niger Delta sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ní 1901, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú kí a kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé àlùfáà Breadfruit. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde lọ, wọ́n sì dá Ìjọ African Church sílẹ̀. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde, ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé wọn. Ó dun àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ọkàn.

Nígbà tí ó dàgbà, òun náà bá ara rẹ̀ ní ìhà kejì. Garrick Braide, oníwàásù ọmọ Áfíríkà kan, fa ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ní Niger Delta, Johnson sì kọjú ìjà sí i títí a fi mú Braide ní 1916. Ní ọdún 1917 ni Johnson sùn nínú Olúwa.

A kò kọ ìtàn yìí láti sọ ọ́ di ẹni tí kò ní àbùkù. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìbínú tí ó fa ìyapa ti wà nílẹ̀ kí Blyden tó dìde sọ̀rọ̀. Ohun tí a ṣe sí Crowther ni ó bí i. Ìjọ tí ó bá ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn rẹ̀ kò tíì wo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣí i, kí a máa gbọ́, kí ẹni tí ó bá ní èsì sì fi ìfẹ́ dáhùn. Kí Olúwa fún wa ní etí ìgbọ́ràn. Àmín.